Alájọgbélé mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀ o, iyẹ̀pẹ̀ ló pa òdòdó mi!

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bá mi dúpẹ́ o. Díẹ̀ ló kù kí n wọ ìyá ọlọ́mọ láṣọ ní àárín agbo ilé, lójú ọkọ wọn àtàwọn ọmọ wọn. Kí ló fà á? Òdòdó ni. Òdòdó inú ìkòkò kan ṣoṣo tí mo gbé sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi ló ń kú lọ, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé mo mọ ẹni tó ń pa á. Àṣé irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ohun tó ń pa òdòdó yẹn ò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, kò sì ní ẹnu tí yóò fi ṣàlàyé ara ẹ̀. Inú ìkòkò yẹn gan-an ló wà. Iyẹ̀pẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Nínú gbogbo wàhálà tó wà l'Ékòó, ọ̀rọ̀ òdòdó nìwọ rí sọ?" Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ti ra òdòdó lẹ́bàá títì, tẹ́ ẹ gbé e délé tó tutù yọ̀yọ̀, tó sì di igi gbígbẹ kí oṣù méjì tó pé, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ẹ́ sọ yìí. Owó yín tó wọlẹ̀, ibi tó gbà lọ rèé.

Òdòdó ìyá mi ni

Hibiscus ni òdòdó tí mò ń wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe báyọ́lọ́jì ní girama ò lè gbàgbé ẹ̀, òun ni tíṣà máa ń já wá sí kíláàsì, tí wọ́n á fi bíléèdì là á sí méjì kẹ́ ẹ lè rí akọ àti abo ara ẹ̀. Pupa ni tiwa. Ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ohun tó dà bí ahọ́n sì yọ gbọọrọ láàárín ẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni ìtànná kọ̀ọ̀kan sábà máa ń lò. Ó là láàárọ̀, ó pa dé lálẹ́, òmíràn á tún là lọ́jọ́ kejì.

Iwájú ilé ìyá mi l'Ábẹ́òkúta ni igi náà wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìyá mi kú lọ́dún 2019. Nígbà tí ẹbí fẹ́ẹ́ da sìmẹ́ńtì sí iwájú ilé náà kí mọ́tò lè ráyè dúró, mo sáré gé ẹ̀ka kan, mo fi aṣọ tútù wé ìdí ẹ̀, mo sì gbé e wọ mọ́tò wá s'Ékòó. Agolo mílíìkì tó ti ń dípẹtà ni mo kọ́kọ́ gbìn ín sí, iyẹ̀pẹ̀ oníyanrìn tó wà níwájú ilé ni mo sì bù sí i. Ó hù. Ẹ gbà mí gbọ́, ó hù! Nígbà tó yá, mo gbé e sínú ike ọ̀dà tí mo dá ihò sí nídìí. Ó tún ń dàgbà, ó ń rúdí, ó ń tanná. Ẹni tó bá wọ agbo ilé wa, òdòdó yẹn ló máa kọ́kọ́ rí.

Ìyá Ìbejì, tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, máa ń sọ pé, "Ìyàwó, òdòdó rẹ yìí mà ń jẹ ayé o." Mi ò rò ó sí nǹkan kan nígbà yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú

Lọ́dún 2022, owó díẹ̀ wọlé, mo ní kí n ṣe òdòdó ìyá mi ní faaji. Mo ra ìkòkò ńlá tó ń dán, pẹ̀lú àwo ike tó máa ń wà lábẹ́ ẹ̀. Mo yà lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo ní kó bá mi wá iyẹ̀pẹ̀ tó dáa jù. Ó na ọwọ́ sí àpò kan, ilẹ̀ dúdú kirikiri ló wà nínú ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wo bó ṣe dú. Gbogbo ọ̀rá ilẹ̀ ló wà nínú eléyìí." Ojú mi rí i, ó wù mí. Mo san owó, mo gbé àpò méjì délé, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò, mo sì gbin òdòdó mi sí i.

Oṣù kẹfà ni, òjò sì ń rọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé láti ti ẹ̀rọ omi òkè. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó kan ti àárín. Àwọn tó rúdí ń já bọ́ kí wọ́n tó là. Mo ní bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ni mo bá ń bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí mo ṣe ń bomi sí i ni ewé ẹ̀ ń rọ dòò, bí ìgbà tí oòrùn pa á.

Ìyẹn ni mo wà tí mo fi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo yọjú lójú fèrèsé. Ta ni mo rí? Ìyá Ìbejì! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ nídìí ìkòkò mi, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan lábẹ́ ẹ̀, wọ́n sì sáré wọlé. Ara mi gbọ̀n. Mo rántí pé a ti fa ọ̀rọ̀ okùn ìsáṣọ ní bí oṣù kan sẹ́yìn. Mo rántí "ń jẹ ayé" tí wọ́n sọ. Mo ní, "Háà! Ó ti hàn o!" Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ tún wá kó epo sí iná. Ó ní bóyá omi gbígbóná ni, ó ní bóyá ọ̀rọ̀ náà ju omi gbígbóná lọ, kí n tètè mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo ti ń dúró de ọjọ́ tí màá ká wọn mọ́ ọn kí gbogbo ilé gbọ́.

Bàbá Gádínà dé

Ọlọ́run ló yọ mí. Ọjọ́ Sátidé kan, bàbá kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Gádínà wá kí lańlọ́ọ̀dù wa. Iṣẹ́ òdòdó ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n dúró.

"Ta ló ni òdòdó yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ bá mi wò ó, wọ́n fẹ́ẹ́ pa á mọ́ mi lọ́wọ́."

"Àwọn wo?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà Ìyá Ìbejì, mi ò dáhùn.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lo ń bomi sí i?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ náà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n ní kí n wá gbóòórùn tèmi. Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹyin tó bàjẹ́ ló ń rùn! Wọ́n wá dojú ìkòkò dé, wọ́n rọra gbá ìdí ẹ̀, gbogbo igi náà sì yọ jáde tòun ti iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n fa gbòǹgbò kan láàárín ìka méjì. Awọ ẹ̀ yọ bọ̀rọ́, bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ fún àkàrà, ó wá ku nǹkan tó rí bí òwú tín-ín-rín. Wọ́n ní gbòǹgbò tí ara ẹ̀ yá gbọ́dọ̀ funfun, ó sì gbọ́dọ̀ le. Ti òdòdó mi ti di aró, ó ti jẹrà.

Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Gbòǹgbò náà ń mí bí ìwọ ṣe ń mí. Inú omi lo ti ń gbé e sùn. Ó ń gbẹ nínú omi."

Ó ń gbẹ nínú omi. Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n wá jókòó sórí àga, wọ́n ṣàlàyé fún mi. Ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, àti èyí tí mo tún lọ kà lẹ́yìn náà, ni mo kó jọ fún yín yìí.

Ilẹ̀ oko yàtọ̀ sí ilẹ̀ inú ìkòkò

Tí igi bá wà nílẹ̀ gbalasa, omi òjò ní ọ̀nà tó máa gbà lọ. Ó ń rìn lọ sísàlẹ̀, ekòló ti lu ihò sílẹ̀ fún un, gbòǹgbò sì lè sá lọ síbi tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nínú ìkòkò ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n ni. Ibi tẹ́ ẹ bá fi gbòǹgbò sí ló máa wà. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́rùn iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò: kó di igi mú kó má ṣubú, kó tọ́jú omi àti oúnjẹ pa mọ́ fún un, kó sì fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè dé ìdí gbòǹgbò. Méjì àkọ́kọ́ ni gbogbo wa máa ń rántí. Ti atẹ́gùn yẹn la máa ń gbàgbé, òun ló sì ń pa òdòdó jù.

Ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kan wò. Ẹ mú fóòmù ìfọbọ́ tó nípọn, ẹ rì í sómi kó mu yó. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ yín, kí omi ẹ̀ kán títí tí kò fi kán mọ́. Ó yá, ẹ wá nà án ró. Ẹ ò rí i? Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò ṣe rí. Kódà bí ihò wà nídìí ìkòkò, tí omi sì ti kán tán, ìsàlẹ̀ pátápátá ṣì máa ń mu omi yó. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá lọ́ kúnná bí elùbọ́, omi yẹn á dúró ga, á bo gbòǹgbò. Tó bá rí háṣáháṣá, tí àyè wà láàárín ẹ̀, omi á wálẹ̀, atẹ́gùn á wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò gíga fi máa ń gbẹ dáadáa ju èyí tó rí pẹlẹbẹ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ìkòkò ńkọ́? Èmi náà wà níbẹ̀, torí gbogbo ayé ló ń ṣe é. Bàbá ní kí n jáwọ́. Omi kì í tètè kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú òkúta, àyàfi tí iyẹ̀pẹ̀ náà bá ti mu yó kẹ́ri. Òkúta yẹn kàn gba àyè lọ́wọ́ gbòǹgbò ni, ó sì gbé omi sún mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù pé iyẹ̀pẹ̀ á máa jò jáde, ẹ fi àkúfọ́ ìkòkò kan tàbí ègé nẹ́ẹ̀tì bo ihò náà, ó parí.

Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, l'Ékòó wa yìí, iyẹ̀pẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni olúkúlùkù ń bù. Bàbá wá kà wọ́n fún mi níkọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ dúdú tí wọ́n wà nínú irà, irú èyí tí mo rà. Dúdú tó dú yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ó kúnná jù, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra. Tó bá rí omi, ẹrẹ̀ ni. Tó bá gbẹ, ó máa ń sán, omi á wá máa gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sá lọ láìkan gbòǹgbò.

Ìkejì ni ilẹ̀ pupa. Òun náà la fi ń mọ ògiri nígbà láéláé, ẹ ò rí i pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń le? Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ bù sínú ìkòkò, ẹ ti mọ ilé fún gbòǹgbò, ẹ ò sì yọ fèrèsé sí i.

Ìkẹta ni iyẹ̀pẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Sìmẹ́ńtì ti dà sí i. Ilẹ̀ tó ní ìkan díẹ̀ nínú ni hibiscus fẹ́ràn, sìmẹ́ńtì sì máa ń pa ìkan yẹn. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, irin tó wà nínú ilẹ̀ ò ní í ṣeé jẹ fún igi, àwọn ewé tuntun á wá máa pọ́n nígbà tí iṣan wọn ṣì tutù. Eérú tẹ́ ẹ ń dà sídìí ẹ̀ ní àdàjù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin ni yanrìn etí òkun. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀, iyọ̀ sì ń fa omi kúrò lẹ́nu gbòǹgbò.

Ìkarùn-ún ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n ní kí n má ṣe lọ bu iyẹ̀pẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbin ilá lọ́dọọdún. Mo ní kí ló kan ilá? Wọ́n ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n?" Òótọ́ ni! Ìdílé kan náà ni hibiscus, ilá, òwú àti ìṣápá tí wọ́n fi ń ṣe zobo. Kódà àwọn onímọ̀ ti ka kòkó, obì àti oṣè mọ́ ìdílé yẹn lóde òní. Àwọn aràn tíntìntín kan wà nínú ilẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí, wọ́n fẹ́ràn gbòǹgbò ilá gan-an, wọ́n á mú kó wú ní kókó-kókó. Àwọn aràn yẹn kan náà ń jẹ gbòǹgbò hibiscus. Tẹ́ ẹ bá bu iyẹ̀pẹ̀ ilá, ẹ ti bu àrùn wálé.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìgbẹ́ adìẹ tútù. Iná ni! Ó máa ń jó gbòǹgbò. Àfi kẹ́ ẹ kó o jọ fún oṣù bíi mélòó kan, kó jẹrà, kó tutù, kó má rùn mọ́. Lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti sọ́mììlì náà ò dáa. Bó ṣe ń jẹrà nínú ìkòkò ló máa bá igi yín du oúnjẹ.

Àwọn Òyìnbó náà jẹ̀yà ọ̀rọ̀ yìí rí

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, gádínà kọ̀ọ̀kan ló ní àṣírí iyẹ̀pẹ̀ tiẹ̀, bí ẹni ní àgbo. Ti òdòdó yìí yàtọ̀, ti tọ̀hún yàtọ̀. Oníṣòwò kan wà tó ń jẹ́ John Innes. Ó kú lọ́dún 1904, ó sì fi ogún sílẹ̀ tí wọ́n fi dá ilé ìwádìí ọ̀gbìn sílẹ̀ lọ́dún 1910 ní Merton, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni William Lawrence àti John Newell, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, torí igi tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi ṣèwádìí ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n rí i pé kò nílò àṣírí rẹpẹtẹ. Ìwọ̀n 7 ilẹ̀ tó dáa tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú ẹ̀, ìwọ̀n 3 ewéko jíjẹrà inú irà tí wọ́n ń pè ní peat, àti ìwọ̀n 2 yanrìn háṣáháṣá, pẹ̀lú ajílẹ̀ díẹ̀, ti tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi. Wọn ò fi pa mọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Ìdí nìyẹn tí orúkọ John Innes fi wà lára àpò iyẹ̀pẹ̀ ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dòní.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Kò sí nǹkan kan ṣoṣo tó lè dá iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Àdàlù ni.

Bí a ṣe ń pò ó

Èyí ni àdàlù tí Bàbá fún mi. Ike ọ̀dà kan náà ni kẹ́ ẹ fi wọn gbogbo ẹ̀.

Ike 3 ilẹ̀ òkè tó dáa láti inú ọgbà tàbí oko, tí kì í ṣe ti ilá, kẹ́ ẹ fi asẹ́ yọ òkúta àti gbòǹgbò inú ẹ̀.

Ike 2 yanrìn odò háṣáháṣá, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáápù sáǹdì. Kì í ṣe èyí tó kúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri o. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́.

Ike 2 ajílẹ̀ tó ti jẹrà dénú, yálà ti ewé àti èèpo iṣu tàbí ti ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbó.

Ike 1 èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀ tàbí èèpo ìrẹsì tí wọ́n sun di dúdú. Tó bá jẹ́ ti àgbọn, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kẹ́ ẹ da omi ẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, torí iyọ̀ máa ń wà lára ẹ̀.

Ẹ pò ó pọ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan tó rin díẹ̀, ẹ fún un mọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣíwọ́, kó di ara ẹ̀ mú díẹ̀, ṣùgbọ́n kó túká tẹ́ ẹ bá fi ìka tọ́ ọ. Tó bá dúró bí ẹ̀bà, yanrìn ò tó. Tó bá dànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi ajílẹ̀ sí i. Ibi tí òjò ti ń kan ìkòkò yín tààrà, ẹ lè fi yanrìn kún un. Ibi tí oòrùn ti ń pa á gan-gan tí òjò ò sì dé, ẹ fi èèpo àgbọn kún un kó lè di omi mú.

Ẹni tó fẹ́ẹ́ ra ilẹ̀ tí kò mọ bó ṣe jẹ́, ẹ wá ìgò ike tó mọ́ gaara. Ẹ bu ilẹ̀ náà dé ìdá mẹ́ta ẹ̀, ẹ fi omi kún un, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ fín-ín-fín sí i, ẹ mì í dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, yanrìn ti balẹ̀. Èyí tó kúnná á tẹ̀ lé e láàárín wákàtí bíi mélòó kan. Amọ̀ ló máa ń pẹ́ jù, ó lè di ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá rí i pé amọ̀ ló pọ̀ jù, tí yanrìn ò tó nǹkan, ẹ dá olówó lóhùn pé ẹ ti rà á lẹ́yìn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń gbé òdòdó kúrò nínú ìkòkò kékeré, ẹ má ṣe gbé e sínú agbada lẹ́ẹ̀kan náà bí mo ṣe ṣe. Èyí tó fi ìka méjì tàbí mẹ́ta fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ti tó. Ilẹ̀ púpọ̀ tí gbòǹgbò ò tíì dé, omi ló máa ń dúró síbẹ̀.

Ewé ń sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ

Kẹ́ ẹ tó bomi, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Tó bá tutù, ẹ yáa fi sílẹ̀. Tí ewé bá rọ tí ilẹ̀ sì gbẹ, òùngbẹ ni, ẹ bu omi. Tí ewé bá rọ tí ilẹ̀ sì tutù, gbòǹgbò ló ń kú, omi tẹ́ ẹ bá tún bù sí i, ẹ fi ń sin ín ni. Tí ewé àgbà ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n pátá, ẹ yẹ omi àti oúnjẹ wò. Tó bá jẹ́ ewé tuntun ló pọ́n tí iṣan ẹ̀ sì tutù, ẹ fura sí sìmẹ́ńtì tàbí eérú. Oòrùn náà ṣe pàtàkì, hibiscus ń fẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ kó tó lè tanná dáadáa.

Mo tọrọ àforíjì

Ẹ̀ẹ́ fẹ́ẹ́ gbọ́ bó ṣe parí. Igi ńlá náà kú, kò gbọ́ gbogbo àtúnṣe. Àmọ́ ẹ̀ka kan ṣì tutù lókè. Bàbá gé mẹ́ta lára ẹ̀, ó nípọn bí bírò, ó sì gùn tó ìka ọwọ́ mi. Wọ́n já ewé ìsàlẹ̀ dànù, wọ́n tì wọ́n bọ inú yanrìn odò tí mo ti fọ̀, láìsí ilẹ̀ kankan, wọ́n sì ní kí n gbé e síbi ibòòji. Méjì kú. Ó di ọ̀sẹ̀ keje kí ìkẹta tó yọ ewé tuntun, mo sì jókòó tì í, mo sunkún bí ọmọdé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní kí n bi wọ́n léèrè, pé, "Mummy, ẹ má bínú o, láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí yín nídìí ìkòkò mi." Ìyá náà ṣe háà. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé o rí mi? Omi tó ń dúró sínú àwo ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ ni mo máa ń dà nù láràárọ̀. Ẹ̀fọn ń pamọ síbẹ̀, ibà ò sì jẹ́ kí àwọn ìbejì mi gbádùn. Mi ò fẹ́ kó o rò pé mò ń bá ọ wá ìjà, ni mo ṣe ń tètè sá wọlé."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹsẹ̀ mi ò ràn mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí mo fẹ́ẹ́ dójú tì ló ń gbé omi kúrò lẹ́nu gbòǹgbò òdòdó ìyá mi láràárọ̀! Àwọn nìkan ló ń tọ́jú ẹ̀ nínú gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èmi, àjẹ́ òdòdó?"

Ìkòkò méjì ló wà lágbo ilé wa báyìí. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà mi, ìkejì tí mo gé lára ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ìbejì. Iyẹ̀pẹ̀ 3-2-2-1 ló wà nínú méjèèjì, kò sì sí àwo lábẹ́ ìkankan. Tiwọn ló kọ́kọ́ tanná.

Ẹ jọ̀ọ́, tí nǹkan bá ń kú lọ nínú ilé yín, kẹ́ ẹ tó na ìka sí aládùúgbò, ẹ kọ́kọ́ ti ìka yẹn bọ inú ìkòkò ná.